Kànrìnkàn Inú Ìgò

Láti ogójì ọjọ́ tí Ràsáàkì ti kú ní Èkó, omi ò bọ́ lójú Àyìnkẹ́, ìyá rẹ̀. Ó ń jẹun, ó ń kírun, ó ń sá èlùbọ́ sórí àpáta ní Ṣakí bí ẹni tí wọ́n ń tì lẹ́yìn. Ohun kan ṣoṣo ló gbé àyà lé: Yẹ̀kínì, àbúrò ọkọ rẹ̀, ti sọ fún un pé àwọn àáfà wẹ ọmọ náà dáadáa kí wọ́n tó sin ín. Kí ni èèyàn tún fẹ́?

Àfi bí Florence, tí òun àti Ràsáàkì jọ ń ṣèwádìí nípa òkun, ṣe gbé àpò olóògbé wá. Ìgò kan wà níbẹ̀, kànrìnkàn rì sínú omi rẹ̀.

"Háà! Ẹ̀yin ará Èkó ò ní í pa mí! Kànrìnkàn tí wọ́n fi wẹ òkú, ṣé wọ́n ń gbé e wálé ni? Ilẹ̀ ni wọ́n ń bò ó mọ́!"

"Rárá, ìyá. Ẹran òkun ni. Imí ọjọ́ wà nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun níbi tó ń gbé, májèlé ni. Àmọ́ àwọn kòkòrò tójú ò lè rí ń gbé inú ara rẹ̀. Wọ́n ń fi májèlé yẹn wá oúnjẹ, wọ́n á sì sọ ọ́ di ohun tí kò lè pa onílé wọn. Òun náà fún wọn nílé, ó ń fa omi sí wọn. Ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí Ràsáàkì sùn! Torí irú rẹ̀ kejì ló ṣe padà wọ omi lọ́jọ́ yẹn, tí a wá a, tí a wá a..."

Florence fọwọ́ bo ẹnu. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó mọ́.

"Ẹ ò rí i," ni Àyìnkẹ́ wí.

"A ò rí i, ìyá. Ẹ foríjì wá."

"Kò sí àáfà tó wẹ̀ ẹ́."

Florence mi orí. Yẹ̀kínì ti parọ́ kí ọkàn ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè balẹ̀; bí wọ́n ti ń túfọ̀ fún abiyamọ ní Ṣakí nìyẹn. Inú ì bá bí Àyìnkẹ́, àmọ́ inú ọ̀hún ti kú.

"Ibi tí eléyìí ń gbé, ṣé ibẹ̀ ni Ràsáàkì wà?"

"Ibẹ̀ ni, ìyá."

Ó dìde, ó bu omi sínú búútà, ó tẹ́ aṣọ funfun. Ó yọ kànrìnkàn náà jáde, ó gbé e lé ọwọ́ òsì bí ọmọ tuntun. Ó ní, "Bísímílà." Ó gbé búútà sókè, ó wá dúró. Apá ọ̀tún ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n bá ń wẹ òkú, ta ni ò mọ̀? Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Ọmọ mi," ó bi Florence, ohùn rẹ̀ sì já, "èwo ni apá ọ̀tún rẹ̀?"