Ẹ̀jẹ̀ Uncle Yẹ̀kínì Kọ́ Ló Ń Wa Bọ́ọ̀sì

Nígbà tí kòrónà wọ Peckham, Uncle Yẹ̀kínì tó ń wa bọ́ọ̀sì dúró níwájú mọ́ṣáláṣí, ó ní àìsàn òyìnbó ni. "Ẹ̀jẹ̀ tiwa le. Ibà ti kọ́ ọ lógun láti kékeré."

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi gbé e lọ sí ọsibítù. Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi ń mí pẹ̀lú ẹ̀rọ. Kúbúrá ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan, wúkọ́ fún ọjọ́ méjì péré.

Èyí dun Uncle ju àìsàn gan-an lọ. Nígbà tí àwọn olùwádìí ń wá àwọn tí kòrónà dá dùbúlẹ̀, kí wọ́n lè yẹ jíìnì tí wọ́n jogún lára òbí wọn wò, kíá ló forúkọ sílẹ̀. Ó mú Kúbúrá dání. "Kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yin ará Ọ̀fà. Ẹ ń fi nǹkan pamọ́."

Dókítà Ọláwùnmí, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Lewisham, ló gba itọ́ wọn fún àyẹ̀wò jíìnì náà.

"Dókítà, ṣé ẹ̀jẹ̀ dúdú ni ò dáa ni?"

"Rárá, Uncle. Ọ̀kan nínú jíìnì tó ń mú kòrónà le, ó wọ́pọ̀ lára òyìnbó ju ara tiwa lọ. Ẹ̀yin àti Aunty gan-an lè yàtọ̀ síra ju bí ẹ ṣe yàtọ̀ sí Jordan lọ."

Uncle wo Jordan, akọ̀wé òyìnbó onírun pupa tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Inú rẹ̀ ò dùn.

Kúbúrá ní, "Kí ló wá dé tó jẹ́ àwa là ń sìnkú jù?"

"Jíìnì kọ́ ló ń gbé àrùn wọlé, Aunty. Uncle, iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe nígbà náà?"

"Bọ́ọ̀sì ni. Èrò ń wúkọ́ sí mi lọ́rùn títí dé Kennington. Ọ̀gá wa ní ká ṣáà máa fọwọ́."

Kúbúrá yẹ fọ́ọ̀mù wò. Wọ́n béèrè ìlú bàbá bàbá, wọ́n béèrè ìlú ìyá ìyá. Wọn ò béèrè iṣẹ́. Ó gba bírò, ó kọ ọ́ gàdàgbà sí etí ìwé: DRIVER BỌ́Ọ̀SÌ, KÒ SÍ MÁÀSÌKÌ. "Tẹ́ ẹ bá ráyè, ẹ gba itọ́ bọ́ọ̀sì náà wò."

Ọ̀gá tó wà lórí Dókítà Ọláwùnmí ránṣẹ́ láti yàrá inú pé wọ́n ti ba fọ́ọ̀mù jẹ́, kí wọ́n mú òmíràn. Kúbúrá tún kọ ọ́ sí tuntun náà. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀gá fúnra rẹ̀ jáde wá, ó fa àga, ó sì béèrè pé aago mélòó ni Uncle máa ń kúrò nílé lọ wa bọ́ọ̀sì.