Bàálù Tó Kọ̀ Láti Bà ní Tudun Rákúmí

Àlá tí Wúràọlá lá lọ́sàn-án àná, bó ṣe rọ́ ọ fún àwa tí a jọ ń ṣe tísà ní Gidan Kúkà ni mo ṣe ń rọ́ ọ yìí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ọmọ́lará, ń gbé ní Tudun Rákúmí, ìlú tí a máa ń rí èéfín rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wa bí ojú ọjọ́ bá mọ́. Oyún inú rẹ̀ ti pé oṣù. Ó ní kí ìyá òun má gba ọ̀nà ilẹ̀, pé yanrìn ibẹ̀ ń gbé mọ́tò mì. Kó wọ bàálù.

Wúràọlá sùn lọ lórí àga, ó sì bá ara rẹ̀ ní ọ́fíìsì àwọn oníbàálù. Ọ́fíìsì náà ò fẹsẹ̀ kanlẹ̀, ńṣe ló ń léfòó lókè. Wúràọlá ká ìró rẹ̀, ó gun àkàbà wọlé, kò tilẹ̀ yà á lẹ́nu. Ọ̀gá ibẹ̀, Alhaji Bàlá, ń fi táì nu ẹnu.

"Báwo ló ṣe máa ń pẹ́ tó kí bàálù yín tó dé Tudun Rákúmí?"

"Ibẹ̀ ò jìnnà, Màmá. Kí ìrẹsì tó jiná, ẹ ti débẹ̀. Àmọ́ bàálù wa gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ kí òkun ní Èkó."

"Kí ló kan èmi kan òkun? Ọmọ mi ń rọbí."

"Ẹ ní kó ṣe sùúrù."

Máàpù tó wà lára ògiri wúkọ́. "Irọ́ ló ń pa," ó wí. "Ẹ wo àyà mi. Ìlú méjèèjì ò ju ìbú àtàǹpàkò lọ síra."

Kí Wúràọlá tó fọwọ́ kàn án, Alhaji Bàlá ti di òbúkọ, táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó fi eyín já ibi tó wà láàárín ìlú méjèèjì lára máàpù, ó gbé e mì. "Jíjìnnà ti tán," ni òbúkọ wí. Ni ọ́fíìsì bá hu ìyẹ́, ó di bàálù, òbúkọ ló sì ń wà á.

Wọn ò tíì jókòó dáadáa tí wọ́n fi wà lókè Tudun Rákúmí. Wúràọlá rí Ọmọ́lará lẹ́nu ọ̀nà, tó di ikùn mú, tó ń wòkè.

"Ẹ bà," ni Wúràọlá wí.

"A ò lè bà, a ti yá jù. Àsìkò tí a sọ pé a máa dé kò tíì tó."

Bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìlú po. Nísàlẹ̀, Ọmọ́lará bímọ, ọmọ náà rá, ó rìn, ó wọ aṣọ ilé ìwé. Wúràọlá lu ilẹ̀kùn, ó pe òbúkọ ní aláìnítìjú, ó ní òun tí òun ti ń tọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti ọjọ́ yìí wá, ṣé òun ò ní gbé ọmọ ọmọ tòun jó ni? Òbúkọ ní kó di bẹ́líìtì. Nígbà tó máa tún bojú wolẹ̀, ọmọ náà ti hu irùngbọ̀n. Ó fọwọ́ ṣíji bo ojú nítorí oòrùn, ó wòkè, ó ní, "Ìyá àgbà, ṣé ẹ̀yin nìyẹn? Wọ́n ní ẹ ń bọ̀."

Wúràọlá ṣílẹ̀kùn, ó bẹ́.

Ó jí lórí àga, ọrùn ń ro ó. Eṣinṣin kan ń yí po lókè ife tíì rẹ̀, kò bà, kò lọ. Wúràọlá wò ó títí.

"Bí o ó bà, bà," ó wí fún un.

Ó da tíì náà nù, ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì jáde lọ wá ọkọ̀ alùbọ́sà tó ń gba inú yanrìn lọ.