Obìnrin Tó Ń Mọ Púpurú ní Iyansan

Ọdún tí ìjàǹbá ọkọ̀ pa Kingsley, ọmọ wa kan ṣoṣo, ni Mildred ìyàwó mi jáde nílé wa ní Erinje. Kò mú nǹkan kan dání. Kò padà.

Mo wá a títí. Iyansan ni mo ti rí i, nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà kan. Ó wọ aṣọ funfun, ó ń fi ẹ̀gẹ́ rírẹ mọ púpurú, ó ń tò ó sórí àjà lókè iná.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Mélòó lẹ fẹ́?"

"Mildred."

Ó rẹ́rìn-ín. "Àrìnkẹ́ ni mí o. Àbí ojú ń dùn yín ni?"

Wòlíì Gideon, tó ni ṣọ́ọ̀ṣì, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ẹ má pe orúkọ yẹn mọ́. Ẹ̀mí ló sọ ọ́ ní Àrìnkẹ́. A ti fi í ṣe aríran. Ó ń gbààwẹ̀ lọ́wọ́."

Mo lọ bá Ọmọ́wùmí, dókítà ọpọlọ ní Okitipupa. Ó gbọ́ mi tán. Ó ní kì í ṣe wèrè, kì í ṣe ẹ̀mí. Bí ìbànújẹ́ bá pọ̀ jù, ọkàn a máa ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀. Ẹlòmíràn á gbàgbé ọjọ́ burúkú náà nìkan. Ẹlòmíràn á máa wo ara rẹ̀ láti òkèèrè, ayé á dà bí àlá lójú rẹ̀. Ẹlòmíràn á dà bí èèyàn méjì tàbí mẹ́ta nínú ara kan. Àwọn bíi Mildred á gbàgbé ara wọn, wọ́n á rìn lọ, wọ́n á jẹ́ orúkọ tuntun.

"Ṣé ó máa padà?"

"Ó lè padà, Bàbá. Ẹ má fipá mú un. Ṣùgbọ́n kó jẹun, kó sùn. Ààwẹ̀ yẹn ń dá kún un."

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Gideon, ó bínú, ó jiyàn. Lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ó gbà.

Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ ọjà ni mò ń lọ jókòó tì í nídìí iná, tí mò ń bá a mọ púpurú.

"Bàbá, èyí tí ẹ mọ yìí wọ́ o! Ta ló ń se oúnjẹ fún yín nílé?"

"Ìyàwó mi ni tẹ́lẹ̀. Ó rìnrìn àjò."

"Ẹ ṣì ń retí ẹ̀?"

"Mo ṣì ń retí ẹ̀."

Ó gba púpurú náà lọ́wọ́ mi, ó tún un mọ. Ó gbé e sórí àjà.

"Nígbà mìíràn mo máa ń sunkún, mi ò sì mọ ẹni tí mò ń sunkún rẹ̀. Dókítà tí ẹ sọ lọ́jọ́sí, ṣé ẹ lè mú mi lọ?"

"A máa lọ."

"Orúkọ wo ni kí n sọ fún un?"

Ó wà lẹ́nu mi. Mo gbé e mì.

"Èyí tó bá wá sí ẹ lẹ́nu."