Orin Kòríà Tí A Gbé Lọ Síwájú Ẹja Ní Ọjà Olúwo

Bí ẹ bá rí ẹni tó ní òun gbọ́ orin Kòríà jù mí lọ ní Ìkòròdú lọ́dún 2009, ẹ bá mi dì í láṣọ mú, mò ń bọ̀. Èmi Bùsàrí! Orin tó wà nínú fóònù mi nígbà náà, bí a bá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lọ́kọ̀ọ̀kan, ti iwájú á ti máa ra búrẹ́dì ní Ṣàgámù kí ti ẹ̀yìn tó wọ bàtà. Fóònù Ṣáínà ni fóònù ọ̀hún, ẹnu rẹ̀ ju orí rẹ̀ lọ. Bí mo bá tan orin lórí rẹ̀, ẹyẹ tó ń fò kọjá á kọ́kọ́ bà, á tọrọ gáfárà, kó tó máa bá tirẹ̀ lọ.

Ilé iṣẹ́ wíìgì ni a ti pàdé orin náà, ní àdúgbò àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ní Ìkòròdú. Ará Kòríà ni ọ̀gá tó ń bójú tó wa. Láti àárọ̀ títí a ó fi ṣíwọ́, orin ìlú rẹ̀ ló ń dún lókè orí wa. Ẹ̀rọ ń dún, orin ń dún, àwa ń ran irun. Nígbà tí wọ́n dá ọ̀gá náà padà sí Kòríà, ó fi odidi páálí síídì kan sílẹ̀ fún wa. A pín in bí ẹran iléyá.

Àwa mẹ́ta la jọ máa ń to àwọn orin náà, ká mọ èyí tó gba ipò kìn-ín-ní àti èyí tó gbá ilẹ̀: èmi, Lukman ọmọ Ẹ̀pẹ́ tó wà nídìí ẹ̀rọ, àti Tẹniọlá tó ń di wíìgì sínú ọ̀rá. Bí a bá ti ṣíwọ́, abẹ́ igi fúrúùtù tó wà níwájú géètì la máa ń jókòó sí. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, àwọn ará Kòríà kì í kọ orin lẹ́ẹ̀kan kó tán. Wọ́n á kọ ọ́ ní èdè wọn, wọ́n á tún un kọ ní ti Japáànù. Bó bá sì jẹ́ orin Amẹ́ríkà ló wù wọ́n, wọ́n á gbé e, wọ́n á bọ́ aṣọ tó wọ̀ wá, wọ́n á wọ ti Kòríà fún un.

Lọ́jọ́ kan Lukman gbé orin kan sípò kìn-ín-ní, ó gbé òmíràn sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Ó ní ẹni tó kọ ti ìsàlẹ̀ yẹn kò yàtọ̀ sí ewúrẹ́ tí ilẹ̀kùn há nírù.

Tẹniọlá rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá igi mú. “Lukman, orin kan náà ni! Ẹni kan náà ló kọ méjèèjì. Kòríà nìyí, Japáànù nìyẹn.”

“Irọ́ ni.”

“Fetí sí ìlù rẹ̀.”

Lukman fetí sílẹ̀, ó fajú ro. “Ó dáa,” ó ní. “Nígbà tó wà nílé, orí rẹ̀ pé. Ojú ọ̀nà Japáànù ló ti di ewúrẹ́.”

Iṣẹ́ tèmi ni ìtumọ̀. Mi ò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè Kòríà o. Ìwé girama gan-an, ẹnu ọ̀nà ni mo gbà wọlé, ojú fèrèsé ni mo gbà jáde. Ṣùgbọ́n ẹ gbé orin fún mi, màá tú u dé eegun. “Ó ní ìyàwó òun sá lọ,” màá wí bẹ́ẹ̀, “ó sì gbé ìkòkò ìrẹsì dání. Ìyàwó ò dùn ún, ìkòkò ló ń dùn ún.” Wọ́n mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa, wọ́n á sì sún mọ́ mi kí wọ́n má baà pàdánù rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ di gidi lọ́jọ́ tí Tẹniọlá dé abẹ́ igi tí kò jókòó.

“Bọ̀ọ̀dá Ajíbóyè ti gbà,” ó ní. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni Ajíbóyè yìí, ó ní yàrá kékeré kan ní Ẹ̀pẹ́ tó ti ń gba orin sílẹ̀ fún àwọn èèyàn. “Wọ́n ní àwọn á gba orin mi lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹyọ kan ṣoṣo. Wọ́n ti ń di ẹrù, Ìbàdàn ni wọ́n ń kó lọ. Bí Sátidé yìí bá ti kọjá, ó parí nìyẹn.”

A hó yèè. Àwa mọ orin tó máa kọ. Orin Kòríà kan wà tí kò tíì kúrò nípò kìn-ín-ní láti ìgbà tí a ti ń to orin. Tẹniọlá mọ̀ ọ́n kọ bí ẹni tó mu ọmú níbẹ̀. Bó bá kọ ọ́ lábẹ́ igi yẹn, ewé á dẹ́kun jíjábọ́.

“Ó ku nǹkan kan,” ó ní. Ó na fóònù tirẹ̀ sí wa. “Mo ti fi Yorùbá sí i.”

Ohùn orin Kòríà yẹn náà ló jáde, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti yí padà:

*Ọkọ̀ mi ti kúrò létí omi o,*
*Ta ni yóò bá mi tukọ̀?*

Lẹ́yìn ìbéèrè náà, àyè kan wà níbi tí ará Kòríà ti ń ta gìtá. Tẹniọlá ò ní gìtá, ó kàn dákẹ́ síbẹ̀ ni. Àkùkọ àdúgbò wọn ló bá a dí i.

Èmi àti Lukman wo ara wa.

“Tẹniọlá,” mo ní, “ta ni kò gbọ́ Yorùbá? Adìyẹ gbọ́ Yorùbá. Kòríà ni kí o kọ, káwọn èèyàn lanu sílẹ̀ kí eṣinṣin wọlé!”

“Wọ́n á lanu lóòótọ́,” ó ní. “Bí wọ́n bá pa á dé ńkọ́? Kí ni wọ́n máa mú lọ sílé?”

Ẹ wò mí o, èmi tí mo lè bá odi jiyàn kí odi bẹ̀bẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ewé tó wà nílẹ̀. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ọdún tó ti ń fi irun ẹlòmíràn sínú ọ̀rá, ẹyọ orin kan yìí nìkan ló tíì fi orúkọ ara rẹ̀ lé lórí, a sì ti ń gbé e sí ìsàlẹ̀ kó tó dún tán.

Lukman ló yanjú ẹ̀. “Ẹ jẹ́ ká gbé méjèèjì lọ fún Màmá mi. Wọn ò mọ Kòríà, wọn ò mọ ẹni tó ń kọrin. Ẹja ni wọ́n ń yan ní Ọjà Olúwo. Bí nǹkan bá gba ọkàn wọn, ẹja á jó. Lọ́jọ́ tí mo yege ìdánwò, odidi àgbá ẹja ló di èédú.”

Bí a ṣe fàdéhùn sí i nìyẹn: orin tí ẹja bá jó nítorí rẹ̀ ló gba ipò kìn-ín-ní, òun náà ni Ajíbóyè máa gbà.

“Ohun tí ẹja bá sọ,” Tẹniọlá ní, “màá gbà á.”

Sátidé dé, a wọkọ̀ gba ọ̀nà Ìtòíkín. Tẹniọlá gbá fóònù mọ́yà, ètè rẹ̀ ń mì láìsọ̀rọ̀. Mo da àwàdà sílẹ̀ láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́, awakọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wà wá wọ ilé onílé, Tẹniọlá ò tilẹ̀ mọ̀ pé mo wà níbẹ̀.

Ọjà Olúwo kún. Ẹja àrọ̀ kan wà nínú ọpọ́n níbẹ̀ tí irùngbọ̀n rẹ̀ gùn ju ti ìmáàmù àdúgbò wa lọ. Mo ti sálámà sí i kí n tó rí ìrù. Màmá Lukman, Mùlíkátù lorúkọ wọn, wà nídìí àgbá nínú èéfín, ẹ̀mú lọ́wọ́. Ṣẹ̀rífátù ọ̀rẹ́ wọn ń yan tirẹ̀ lódìkejì. A dọ̀bálẹ̀, Tẹniọlá kúnlẹ̀.

“Ẹ kú ọjà o, Màmá.”

“Ẹ káàbọ̀ o. Lukman, àwọn ará Kòríà rẹ nìyí?” Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. “Èyí ò jọ ará Kòríà. Èyí jọ ẹni tí yóò jẹun púpọ̀.”

“Màmá, ẹ̀yin ẹ sáà máa ṣiṣẹ́ yín,” Lukman ní. “Orin la fẹ́ tàn.”

Ti Yorùbá la kọ́kọ́ tàn. Màmá Lukman ò gbójú sókè. Wọ́n ń fi ẹ̀mú yí ẹja. Orin dé ibi ìbéèrè, *ta ni yóò bá mi tukọ̀*, ó dákẹ́ síbẹ̀.

“Èmi ni o,” Màmá Lukman ní, wọ́n yí ẹja kan.

Orin tún bèèrè.

“Àwa ni o!” Ṣẹ̀rífátù ti gbà á láti òdìkejì, òun náà yí tirẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni orin náà lọ tó parí. Ẹja pọ́n dẹ̀dẹ̀, kò sí ẹyọ kan tó jó. Lukman mi orí. Tẹniọlá ń wo ilẹ̀.

A tan ti Kòríà. Màmá Lukman tẹ́tí. “Kí ló ń sọ?”

Ṣé ẹ rò pé mo lè pa ẹnu mọ́ níwájú irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀? “Ó ní àfẹ́sọ́nà òun ló wà létí odò, Màmá. Òjò ń bọ̀. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló kù, ẹni tó ń tu ọkọ̀ sì rèé, ọ̀rẹ́ òun tó ti ń fẹ́ ọmọbìnrin yẹn níkọ̀kọ̀ ni!”

“Háà!” Ẹ̀mú dúró lófuurufú.

“Ìyá ọmọbìnrin náà ń sáré bọ̀ lẹ́yìn, gèlè ti bọ́, ó ń ké pé má wọ̀ ọ́!”

“Má wọ̀ ọ́ o!” Ṣẹ̀rífátù ti fi ìdí àgbá tirẹ̀ sílẹ̀, ó ti sọdá sọ́dọ̀ wa. Alápatà méjì dúró. Ẹni tó ń ra ẹja gbàgbé ọwọ́ rẹ̀ sínú ọpọ́n. Èéfín tó ń jáde láti inú àgbá ti yí padà, ó dúdú bí ìbínú ìyálé.

“Ẹja ń jó!” Lukman fò sókè. “Ó jó! Kòríà ló wọlé!”

Tẹniọlá ti ṣèlérí, ẹja sì ti sọ̀rọ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ irú èyí tí èèyàn ń rín fún dókítà, ó ń fi fóònù sínú báàgì.

Màmá Lukman kò tilẹ̀ wo ẹja tó jó. Wọ́n fa apá aṣọ mi. “Ọmọbìnrin yẹn, ṣé ó padà wọ ọkọ̀ àbí kò wọ̀ ọ́?”

Tẹniọlá gbórí sókè. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé orin lẹ̀ ń gbọ́ ni, àbí Bùsàrí?”

“Orin wo? Ta ló ráyè orin? Èèyàn fẹ́ kú sómi, o ń sọ̀rọ̀ orin!”

“Lukman,” Tẹniọlá ní, “irọ́ Bùsàrí ló jó ẹja. A ó tún un tàn. Ìwọ, di ẹnu ẹ̀ mú.”

Lukman fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì dí mi lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ kún mi nínú débi pé bí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ gún mi lẹ́ẹ̀kẹ́, Ẹ̀pẹ́ ì bá kún àkúnya. A tún Kòríà tàn. Màmá Lukman kó ẹja jíjó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n to tútù, wọ́n bá oníbàárà nájà, wọ́n yán.

“Ohùn ẹ̀ dùn,” wọ́n ní nígbà tó parí. “Àmọ́ òun nìkan ló ń dá sọ ọ́. Ẹ gbé ti ìṣáájú wá, èyí tí mo ti ń dáhùn yẹn.”

“Màmá,” Lukman ní, “ẹja ò jó sí ìyẹn!”

“Ẹja á ṣe jó? Orin ọ̀hún ló ń bá mi yí i.”

Mo gbá ọwọ́ Lukman kúrò lẹ́nu mi, mo tan ti Yorùbá tí Tẹniọlá ti fi ránṣẹ́ sórí fóònù Ṣáínà tèmi, mo gbé e lékè. Ó ké débi pé àwọn tó ń já ẹja létí ọ̀sà yíjú padà. *Ọkọ̀ mi ti kúrò létí omi o.* Ó dé *ta ni yóò*, fóònù kú. Bátìrì ti tán.

Gbogbo ẹnu ti ṣí sílẹ̀ láti dáhùn. Ìbéèrè ò jáde tán. Ó burú ju kéèyàn fẹ́ sín kó má sín lọ. Mo ń gbọn fóònù, mò ń bẹ̀ ẹ́.

“*Ta ni yóò bá mi tukọ̀?*”

Tẹniọlá ni. Ó dìde dúró láàárín èéfín, báàgì ṣì wà léjìká rẹ̀, ó la ẹnu.

“Èmi ni o!” Màmá Lukman dáhùn. “Àwa ni o!” ni ti Ṣẹ̀rífátù. Ìsọ̀ kejì gbà á, ìsọ̀ tó tẹ̀ lé e gbà á, ó lọ dé etí omi, ó padà. Àwọn obìnrin ń yí ẹja lákòókò kan náà bí ọmọ ogun. Ojú ò ti Tẹniọlá mọ́. Ohùn rẹ̀ ga sókè ju bó ṣe ga sí lábẹ́ igi rí, mo sì wo Lukman, Lukman wò mí, kò sí ẹni tó tún dárúkọ Kòríà.

“Èmi ni mo kọ ọ́, Màmá,” Tẹniọlá ní nígbà tó parí. “Èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ sí i.”

“Ta tún ni ì bá jẹ́?” Màmá Lukman ní. “Láti ìgbà tí ẹ ti dé ni ètè rẹ ti ń mì.”

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ Bọ̀ọ̀dá Ajíbóyè, ó ti tú ìdajì yàrá rẹ̀, okùn iná wà káàkiri ilẹ̀. Tẹniọlá ní, “Ti Yorùbá ni mo fẹ́ kọ, Bọ̀ọ̀dá,” kò tilẹ̀ wẹ̀yìn wò wá.

“Ó dáa. Ta ló máa gbè é?”

Èmi àti Lukman ti ń tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe kí a tó rí i pé Bọ̀ọ̀dá Ajíbóyè ò wo ọ̀dọ̀ wa. Màmá Lukman àti Ṣẹ̀rífátù ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti tún ìró ró. Wọ́n ti fi ẹja síkàáwọ́ ìsọ̀ kejì.

“Ẹ̀yin màmá, ẹ jọ̀ọ́,” Bọ̀ọ̀dá Ajíbóyè ní, ó dímú, “òórùn èéfín yìí, ẹ̀rọ mi…”

“Ẹ̀rọ tó ń bẹ̀rù èéfín ẹja,” Ṣẹ̀rífátù ní, “kí ló gbé e dé Ẹ̀pẹ́?” Wọ́n wọlé.

Tẹniọlá kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n gbè é, ó dùn dé ọ̀run kìíní. Bọ̀ọ̀dá Ajíbóyè ní ká tún un ṣe, nítorí ọkọ̀ kan fọn fèrè níta. Tẹniọlá tún bẹ̀rẹ̀, ó dé ibi tó ti bèèrè pé ta ni yóò bá òun tukọ̀.

Màmá Lukman yíjú sí Ṣẹ̀rífátù. “Ṣé ọmọ yìí ò gbọ́ ni? A ti ní àwa ni!”

Ẹ̀rín bú lẹ́nu Tẹniọlá. Ó fẹ́ dá a dúró, kò ṣeé ṣe, ó fi ẹ̀rín wọ ìlà tó kàn, àwọn obìnrin méjèèjì sì gbà á láìbojúwẹ̀yìn. Bọ̀ọ̀dá Ajíbóyè gbé ọwọ́ sókè láti pa ẹ̀rọ. Ó tún gbé ọwọ́ náà sílẹ̀, ó jẹ́ kí ẹ̀rọ máa gbà á lọ.