Ẹ̀jẹ̀ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́

Ọkọ mi, Dáhùnsí, tóbi. Mi ò ní fi bò. Ikùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé kí òun alára tó wọlé, àwọn ará Ajégúnlẹ̀ sì máa ń kí mi pé mo mọ ọkọ tọ́jú. Inú mi a máa dùn, àfi lásìkò tí iléeṣẹ́ tó ń wa fọ́ọ̀kílíìfù tí wọ́n fi ń gbẹ́rù fún ní Àpápá bá ní kí àwọn awakọ̀ wá ṣàyẹ̀wò ara. Lọ́dún 2014, wọ́n ti dá Friday ọ̀rẹ́ rẹ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́ nítorí èsì àyẹ̀wò yìí. Nígbà tí àyẹ̀wò tún dé, ẹ̀rù wá ń ba ọkọ mi, oorun dá lójú rẹ̀.

Ohun tí àwọn kan máa ń ṣe ní èbúté lòun náà ṣe. Nọ́ọ̀sì tó ń gba ẹ̀jẹ̀ kì í wojú ẹnikẹ́ni. Orúkọ ló ń pè, ẹni tó bá dáhùn ló ń gún lábẹ́rẹ́. Ọkọ mi ní kí àbúrò òun lọ bá òun dáhùn. Èmi ò lè pe àbúrò ọkọ mi lórúkọ, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni mo ń pè wọ́n, torí wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé okùn ni wọ́n fi ń so ṣòkòtò. Wọn a jẹ ẹ̀bà bí òkè, kò ní hàn lára wọn. Ẹ̀jẹ̀ ta ló tún máa mọ́ tó tiwọn?

Nígbà tí èsì dé, Dókítà Nwakaego, dókítà iléeṣẹ́ wọn, ránṣẹ́ pe ọkọ mi sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní Warehouse Road, ó ní kó mú ìyàwó rẹ̀ dání. A lọ bá a.

"Ọ̀gá Dáhùnsí, this one no be small matter o. Ẹ̀jẹ̀ yín funfun bí omi ògì. Ọ̀rá ló kún inú ẹ̀. Ó lè pa yín nígbàkígbà."

Mo wo ọkọ mi, òun ń wo ilẹ̀.

"Dókítà, ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ ńkọ́?" mo bi í. "Ṣé ọ̀rá lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ náà?"

"Ah, madam! That one sef dey worse. Ọ̀rá ara kì í ṣe ẹrù lásán. Ó máa ń ṣe àwọn purotéènì kan, á rán wọn sínú ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n lè sọ fún ẹ̀dọ̀ àti iṣan bí wọ́n ṣe máa lo ọ̀rá oúnjẹ. Àwọn kan wà tí ọ̀rá ara wọn ò tó látilẹ̀. Purotéènì yẹn ò ní tó, ọ̀rá oúnjẹ ò ní ríbi gbé, inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀dọ̀ ló máa kó sí. Wọ́n lè ṣubú lójijì, torí kò sẹ́ni tó fura."

Ọkọ mi tẹ ọwọ́ mi pé kí n dákẹ́. Mo mọ̀ pé tó bá jẹ́wọ́, iṣẹ́ lọ nìyẹn. Síbẹ̀ mo bínú débi pé ó ku díẹ̀ kí n gbá a létí.

"Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ mi," ó sọ nígbẹ̀yìn. "Ti Adéjùwọ́n àbúrò mi ni."

Dókítà ò pariwo. "Ẹ lọ mú un wá. Now now."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń rán bàtà ní ṣọ́ọ̀bù wọn nígbà tá a dé Ajégúnlẹ̀. A ṣàlàyé, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Èmi kẹ̀? Bọ̀dá mi, ẹ wò mí dáadáa. Níbo lọ̀rá fẹ́ gbà wọlé? Bàtà oníbàtà wà lọ́wọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́."

Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n kàn ń fa òwú ni. Ni Dáhùnsí, tòun ti ikùn yẹn, bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku níwájú àbúrò tó fi ẹ̀yìn pọ̀n dàgbà. Àwọn tó ń kọjá dúró.

"Bọ̀dá mi, ẹ dìde! Kí lẹ ń ṣe báyìí? Ẹ dìde!"

Kò dìde. Ẹkún ló ń sun.

Ẹ̀rín kúrò lójú Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Wọ́n gbé bàtà sílẹ̀, wọ́n yíjú sí mi.

"Ìyàwó, ṣé mo máa kú ni?"

Mo fẹ́ sọ pé rárá. Dípò bẹ́ẹ̀, mo na ọwọ́ sí wọn, mo ní ká máa lọ bá dókítà.