Iná Tí Kò Ní Èéfín

Láti ìgbà tí Màmá ti ti Ìsẹ́yìn dé sọ́dọ̀ mi ní Houston, omi kò bọ́ lójú wọn rí. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Sirajudeen ọkọ mi, ni ọkọ̀ gbá pa lórí títì márosẹ̀ freeway ní ìparí ọdún 1985. Wọn kì í dárúkọ rẹ̀. Tẹ̀sùbáà ni wọ́n ń fà látàárọ̀. Bí mo bá ní kí wọ́n sunkún díẹ̀, wọn á ní, "Ọlọ́run tó fún mi ló gbà á. Ṣé kí n wá máa bá A jà ni?" Oúnjẹ ò kọjá ọ̀fun wọn mọ́. Àyà mi ń já, torí ẹkún tí a ò sun síta, inú ní í ti í jẹni lọ.

Òbí kì í rí sààréè ọmọ. Bá a ṣe bá a nílé nìyẹn. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ní kí n mú àwọn lọ síbi tí inú ọmọ àwọn ti máa ń dùn, mo fi ọkọ̀ gbé wọn lọ sí páàkì kan lẹ́yìn ìlú Sugar Land, níbi tó ti máa ń dáná ní Sátidé.

"Iná kí ló ń dá? Ṣé ẹ ò ní sítóòfù ni?"

"A ní, Màmá. Ó ní iná àwọn òyìnbó máa ń rú èéfín bí ilé tó ń jó. Ó ní ìṣáná kan ti tó ọmọ Ìsẹ́yìn."

Ètè wọn mì bí ẹni fẹ́ rẹ́rìn-ín. "Agbéraga."

Mo dá a bó ṣe kọ́ mi. Mi ò fọwọ́ kan igi páìnì, oje rẹ̀ a máa sọ èéfín di dúdú. Igi líle tó gbẹ ni mo ṣà, èyí tó ń dún pọ́ bí mo bá ṣẹ́ ẹ. Mo fi ọ̀bẹ fá ọ̀kan wẹ́wẹ́, mo to àwọn tó tẹ́ẹ́rẹ́ lé e, mo sì fi àyè sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ wọlé. Mo kẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́. Mo ní Bísímílláì, mo ṣá ìṣáná. Ó kú. Mo ṣá òmíràn, ó ràn.

Iná náà mọ́ roro, èéfín kankan ò rú. Mo rò pé bí wọ́n bá rí iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ wọn, ọkàn wọn á rọ̀. Màmá kàn tẹjú mọ́ ọn, ojú gbẹ bí àpáta.

"Iná kú, ó feérú bojú," wọ́n wí jẹ́ẹ́. "Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú…"

Wọn ò parí rẹ̀. Èmi àti Sirajudeen ò bí ọmọ tó lè rọ́pò. Mo wolẹ̀.

Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Mọ́nsúrátù."

"Mà."

"Lọ já ewé tútù wá. Dà á lé e."

"Á rú èéfín, Màmá."

"Mo mọ̀."

Mo da ewé lé e. Èéfín ṣú bò wá. Màmá sún mọ́ ọn, wọ́n ṣí ìborùn kúrò lójú.

"Èéfín yìí mà ta lójú o." Omi ti ń ṣàn lẹ́rẹ̀kẹ́ wọn. "Ó ta lójú, Àlàó mi. Àlàó, ọmọ aṣọ òfì tí í gbó tí kì í ya. Ìwọ tó ń dáná fáráyé yá, o wá fi ìyá rẹ sílẹ̀ sínú òtútù."

"Ó ń ta wá lójú, Màmá," ni mo wí, mo sì tún lọ já ewé sí i.