Télọ̀ àti Lẹ́ǹsì Méjì

Bí àwọn ẹgbẹ́ onífótò bá ti dúró níwájú fótò kan, Télọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kà lábẹ́ ahọ́n, bó ṣe máa ń ka ẹsẹ̀ abẹ́rẹ́ lára aṣọ. Ení, èjì, ẹ̀ta. Níwájú fótò tirẹ̀, kò tíì kà á kọjá ẹ̀rin tí wọ́n fi ṣí lọ. Níwájú ti àbúrò rẹ̀, ó kà á dé mẹ́tàlélógún, wọn ò tíì mira. Káfíńtà tiẹ̀ bọ́ fìlà, ó fi ń fẹ́ ara ẹ̀, ó ní, "Háà, ẹ wo etí bàbá yìí o." Etí arúgbó kan ṣáá ni. Oòrùn wà lẹ́yìn etí náà, ó sì pọ́n bí iná ẹ̀yinná.

Inú Télọ̀ gbóná bí áyọ́ọ̀nù tí wọ́n gbàgbé sórí aṣọ.

Ẹgbẹ́ náà kò ju èèyàn mẹ́sàn-án lọ, kò sì sí ẹnì kan tó ń fi fótò jẹun nínú wọn. Ìfẹ́ ló kó wọn jọ. Télọ̀ ló dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, òun ni Ààrẹ láti ọdún méje, yàrá ìránṣọ rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń pàdé ní ọ̀sán Sátidé. Á ti ẹ̀rọ ìránṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á ta aṣọ funfun sára ògiri, kálukú á fi píìnì gún fótò tirẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó bá gbé fótò wá gbọ́dọ̀ sọ bó ṣe yà á: lẹ́ǹsì wo ló lò, apá ibo ni oòrùn wà, báwo ló ṣe la ojú lẹ́ǹsì tó. Télọ̀ fẹ́ràn ibi ọ̀rọ̀ sísọ yìí ju ibi fótò lọ. Lẹ́ǹsì tirẹ̀ gùn, ó sì sanra, ó ń fa ohun tó wà nípẹ̀kun títì wá síwájú imú ẹni. Aṣọ ilé-ìwé ló rán fún ọdún méjì kó tó rà á. Pẹ̀lú lẹ́ǹsì yìí, ó lè jókòó sórí àga nínú ṣọ́ọ̀bù kó ya ẹyẹ tó bà sórí wáyà iná. Ó sì ti ya ẹyẹ náà, ó yà á títí ẹyẹ fi mọ̀ ọ́n lójú.

Ohun tó dùn ún jù ni pé òun náà ló fún àbúrò ní lẹ́ǹsì tó ń lò. Lẹ́ǹsì ọ̀hún kúrú bí ife tíì. Kò ṣeé fà gùn, kò ṣeé tì wọlé. Bó o bá fẹ́ kí nǹkan tóbi nínú fótò, àfi kó o fẹsẹ̀ ara rẹ rìn lọ bá a. Télọ̀ ti pa á tì sínú àpótí bọ́tìnnì. Ó gbé e fún àbúrò bí wọ́n ṣe máa ń gbé aṣọ tó ti kéré síni lára fún ẹni tó tẹ̀ léni. Ó ní kó máa fi kọ́ṣẹ́. Àbúrò dúpẹ́ títí ó fi sú olóore.

Alágbàfọ̀ ni àbúrò yìí. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù Télọ̀ gan-an ló ti ń fọṣọ, orin ló sì fi ń fọ̀ ọ́:

*Omi, bá mi fọ̀ ọ́ kó mọ́,*
*Oòrùn, bá mi sá a kó gbẹ,*
*Ẹni tó ni ín ń bọ̀ wá wọ̀ ọ́,*
*Á wọ̀ ọ́ yọ̀, á wọ̀ ọ́ yan.*

Orin náà á fò jáde lójú fèrèsé, á sọdá títì, á wọlé tọ Télọ̀. Kó tó mọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti máa tẹ ẹ̀rọ bí orin ṣe ń lọ. Á dúró wáì. Á tú ibi tó fi orin ẹlòmíràn rán, á tún un rán láìsí orin, ọ̀nà ìkejì yìí ló sì máa ń wọ́.

Oṣù mẹ́rin péré ni àbúrò fi lẹ́ǹsì ife tíì yìí da ẹgbẹ́ rú. Lónìí, ọmọ ọwọ́ tó ń yán. Lọ́la, ìyàwó tó ń kó irun sókè níwájú dígí. Ó wá kan etí bàbá. Onígbàjámọ̀, tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ rẹ̀ lọ, wá yíjú sí Télọ̀ lójú gbogbo wọn. "Ààrẹ, ṣé kì í ṣe pé ẹ ṣèèṣì gbé èyí tó dáa fún un?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Télọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín eyín lásán. Ọ̀rọ̀ náà wọlé sí i lára bíi píìnì tó sọnù sínú ìṣẹ́tí aṣọ: ó jókòó, ó gún un, ó dìde, ó gún un.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni lẹ́tà dé láti ilé ìwòsàn. Wọ́n ti kọ́ yàrá tuntun táwọn aláìsàn á ti máa dúró de dókítà, wọ́n sì fẹ́ fótò kan ṣoṣo lọ́dọ̀ ẹgbẹ́, èyí tí wọ́n á gbé kọ́ sára ògiri pẹ̀lú orúkọ ẹni tó yà á nísàlẹ̀. Kí ẹgbẹ́ yan ọ̀kan láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Káfíńtà bẹ̀rẹ̀ sí í fá igi férémù lọ́jọ́ kejì. Télọ̀ sì ti rí férémù náà lọ́kàn pẹ̀lú orúkọ ara rẹ̀. Láti ọdún méje tó ti ń ṣe Ààrẹ, kò sẹ́ni tó tíì tọrọ fótò kan lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Bí orúkọ àbúrò bá wá lọ jókòó síbẹ̀ ńkọ́? Kò lè jẹun tán.

Lọ́jọ́ Ajé, ó sọdá títì. Ó gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó ní kí àbúrò mú lẹ́ǹsì kékeré wá kóun bá a nù ún, eruku ti pọ̀ jù lójú ẹ̀. Ó gbé lẹ́ǹsì gígùn lé e lọ́wọ́.

"Má kàn jókòó lásán. Máa lo tèmi títí màá fi ṣe tán."

"Àǹtí mi, lẹ́ǹsì ńlá yìí? Èmi?"

"Ìwọ náà ni."

Àbúrò fi ọwọ́ tútù dì mọ́ ọn, ọṣẹ ṣì wà lẹ́yìn ọwọ́ náà. Télọ̀ mọ̀ pé lẹ́ǹsì gígùn wúwo. Ó mọ̀ pé ọwọ́ tí kò mọ́ lára á máa gbọ̀n, bí ọwọ́ bá sì gbọ̀n díẹ̀, gbogbo fótò á di rúdurùdu. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ fún ọmọ ẹgbẹ́ tuntun nìyẹn, pé kí wọ́n wá nǹkan gbé e lé. Lọ́jọ́ yẹn, kò sọ ọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀ ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ọmọge.

Ó dé ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó gbé lẹ́ǹsì kúkúrú sójú, ó ya ẹyẹ. Ẹyẹ kéré bí orí abẹ́rẹ́. Ó yà á lẹ́ẹ̀mejì sí i, bóyá ẹyẹ á tijú kó súnmọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, kò rí ọ̀nà míì mọ́, ó dìde, ó jáde síta.

Atúnbàtàṣe kan wà nígun títì, lábẹ́ agboòrùn tí wọ́n fi òpó irin gbé ró. Télọ̀ dúró lókèèrè, ó wò ó nínú kámẹ́rà: ó kéré. Ó súnmọ́ ọn. Ó ṣì kéré. Ó tún súnmọ́ ọn títí orúnkún rẹ̀ fi fẹ́ kan agolo pólíìṣì, òun tí kì í ya ẹni tó lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Ara rẹ̀ kò gbà á. Ọkùnrin náà kò gbójú sókè, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń wò.

"Ìyá, bàtà yín yìí ti ń pè mí látìgbà tẹ́ ẹ ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Ohùn rẹ̀ ti há pàápàá."

Télọ̀ wo bàtà. Iwájú rẹ̀ ti lanu lóòótọ́, ọmọ-ìka ńlá ń yọjú wo ìlú. Ẹ̀rín bú lẹ́nu rẹ̀, ó rín in títí ó fi di òpó agboòrùn mú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kámẹ́rà ń fì lọ́rùn bí àpò òfìfo. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ó bọ́ bàtà fún un, ó jókòó tì í, ó sì ya ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń fa òwú. Ohun tó mọ̀ ni ọwọ́ tó ń fa òwú. Nígbà tí wọ́n tẹ fótò náà jáde fún un, inú rẹ̀ dùn. Fótò yìí dára. Ó dára gan-an. Ó wá dá a lójú pé lẹ́ǹsì ni, lẹ́ǹsì kékeré náà ló ti ń mú fótò àbúrò dára látẹ̀yìn wá.

Ọjọ́ yíyàn pé. Wọ́n dúró níwájú ọwọ́ atúnbàtàṣe, Télọ̀ kà á dé méjìdínlógún, àyà rẹ̀ wú bí ìrọ̀rí. Àfìgbà tí àbúrò wọlé, ó pẹ́ díẹ̀, ó we fótò tirẹ̀ sínú àpò ìrọ̀rí tó ti lọ̀. Ó tú u, ó gún un mọ́ aṣọ funfun. Télọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kà, iye sì pòórá lẹ́nu rẹ̀.

Òun ló wà nínú fótò náà. Òun, lábẹ́ agboòrùn, tó di òpó irin mú, tó gbé orí sẹ́yìn, tí ẹnu rẹ̀ là, tí omi ń dán ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti rọ̀ bí òwú, òun nìkan ló hàn kedere. Píìnì ló máa ń wà lẹ́nu Télọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Kò tíì rí ara rẹ̀ báyìí rí.

Wọ́n ní kí àbúrò sọ bó ṣe yà á. Ó ní ojú fèrèsé òun lòun wà. Ó ní lẹ́ǹsì Àǹtí òun wúwo, ọwọ́ òun ń gbọ̀n, gbogbo èyí tóun kọ́kọ́ yà ló bàjẹ́. Ló bá wá gbé e lé orí òkìtì aṣọ ibùsùn tóun ti lọ̀, tóun ti ká, lẹ́ǹsì náà sì sùn síbẹ̀ bí ọmọ.

Télọ̀ wá àléébù fótò náà tọkàntara. Ó wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò rí i.

Wọ́n gbé ife kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ níwájú fótò kọ̀ọ̀kan, kálukú sọ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan sí ti ẹni tó wù ú. Àbúrò ní márùn-ún, Télọ̀ ní mẹ́ta, ọ̀kan nínú rẹ̀ láti ọwọ́ ara rẹ̀. Onígbàjámọ̀ ní ẹyọ kan, gbogbo wọn sì mọ ẹni tó sọ ọ́ síbẹ̀.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ wá ṣí ìparí lẹ́tà ilé ìwòsàn, ó kà á: ẹni tí ojú rẹ̀ bá hàn nínú fótò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé òun gbà. Bí kò bá gbà, kí wọ́n mú fótò tó ṣe ìkejì.

Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kí férémù Káfíńtà di ti Télọ̀.

Àbúrò rọra bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Àǹtí mi, bí ẹ ò bá fẹ́, màá ká a kúrò. Tiyín náà dára púpọ̀." Ó sì tọkàn wá, ohun tó tún bí Télọ̀ nínú nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀. Ó gbójú sókè wo obìnrin abẹ́ agboòrùn lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó bá ní òun ò gbà, inú àpò ìrọ̀rí ni ojú yẹn ń padà sí. Kò sẹ́ni tó máa dúró níwájú rẹ̀ mọ́, kò sẹ́ni tó máa kà dé ogún. Owú àbúrò ń fà á sápá kan, owú ojú ara rẹ̀ ń fà á sápá kejì.

"Ẹ fún mi ní bírò," ló wí, bí ẹni tí wọ́n ń fa eyín rẹ̀.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n gbé fótò kọ́ kó tó lọ wò ó. Obìnrin kan jókòó síbẹ̀ tó ń dúró de dókítà, báńdéèjì wà lójú rẹ̀ kan. Ó fi ojú kejì wo ògiri, ó wo Télọ̀, ó tún wo ògiri.

"Ìyá, ẹ̀yin kọ́ lẹ ń rẹ́rìn-ín níbí yìí?"

"Èmi ni."

"Ó mà dára o. Ta ló yà á?"

Télọ̀ tún ìborùn ṣe.

"Àbúrò mi ni," ó wí. Ó súnmọ́ obìnrin náà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n lẹ́ǹsì mi ló fi yà á."

Obìnrin náà kò béèrè ohun tí wọ́n ń pè ní lẹ́ǹsì. Télọ̀ jókòó tì í, ó ṣàlàyé rẹ̀ fún un, bó ṣe gùn tó, bó ṣe wúwo tó, bó ṣe ń fa ọ̀nà jíjìn súnmọ́, títí nọ́ọ̀sì fi pe orúkọ obìnrin náà lẹ́ẹ̀mejì.